Fọ́tò Tí Agnes Dá Yà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹni tó bá sọ fún yín pé Agnes Májẹ́kódùnmí ti kú rí, irọ́ ló ń pa. Mo wà níbẹ̀. Èmi Sherifat, aránṣọ ìdí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ nínú fọ́tò náà, èmi náà ni mo pariwo títí ohùn mi fi há pé kò kú, tí wọn ò gbà mí gbọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Kí èèyàn máa sọ òótọ́, kí wọ́n máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn pé “pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú,” àbí irú ìyà wo nìyẹn!

Ọmọ Oǹdó ni Agnes. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Reuben ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ló mú un wá sí Àkúrẹ́, ilé tí wọ́n sì ń gbé ni ilé kejì sí tèmi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an láìfi “Ìyá Olúrántí” bò ó.

Agnes dúdú. Mi ò sọ pé ó dúdú díẹ̀ o. Bí ó bá wọlé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú tí wọn ò tíì tan iná, eyín rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn, apá rẹ̀ le bíi ti ọkùnrin. Nígbà tó wà ní kékeré ní Oǹdó, “Ìdí Ìkòkò” ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é. Ìyá wọn kú nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Mary, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀gbọ́n Mary ò pè é ní Ìdí Ìkòkò rí. Ṣùgbọ́n bí onífọ́tò bá dé sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, àwọn náà ni wọ́n máa fà á lápá jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Agnes, bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, kí fọ́tò má baà ṣú.” Wọn ò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí wọ́n bá láyé làwọn náà ń tún sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Agnes ṣe di èrò ẹ̀yìn. Mo ti wo gbogbo fọ́tò tó wà nílé wọn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó tẹrí ba tó bẹ́ẹ̀ tí ìbòrí fi bo ojú rẹ̀ dé imú. Nínú fọ́tò àwọn tíṣà, ẹ̀yìn ọ̀gá ilé ìwé tó sanra ló wà, etí kan ṣoṣo ló yọ. Níbì kan gèlè lẹ ó rí, níbì kan ọwọ́ tó fi di ọmọ mú. Inú kíláàsì rẹ̀ nìkan ni obìnrin yìí ti máa ń dúró níwájú. Ẹ wá wò ó níbẹ̀! Á kọrin, á jó, á fi ẹfun kun imú ara rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì mọ ìwé. Bí àgbàlagbà kan bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà báyìí, á dákẹ́, á fara pamọ́ sẹ́yìn tábìlì.

Èmi ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ìpara ni mo fi ń bóra nígbà yẹn. Ojú mi pọ́n bí ọsàn, oríkèé ọwọ́ mi dúdú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo tún máa ń gba Agnes níyànjú pé kí òun náà rà á. Á ní òun ò ṣe. Mo rò pé ahun ló ń ṣe é.

Ọdún 1995 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́n nígbà ìjọba ológun yẹn mọ ohun tí mò ń wí. Owó oṣù àwọn tíṣà wọ oṣù kẹrin, kò dé. Epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú. Àwọn obìnrin ń kó ojúlówó aṣọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn tà á, èmi tí wọ́n ní kí n máa rán aṣọ tuntun. Agnes dá oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan sí Ìlú-Àbò, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń lọ síbẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn. Oòrùn oko wá bu kún dúdú tó wà nílẹ̀.

Nínú oṣù kẹta ọdún náà ni tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kú, Ìyáàfin Ṣàngódèyí. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọ́n fẹ́ lẹ ìwé ìkéde ìsìnkú, wọ́n tú ilé wá fọ́tò rẹ̀, wọn ò rí ẹyọ kan tó dá yà. Àárín èèyàn ló wà nínú gbogbo ẹ̀. Ni wọ́n bá gé e jáde nínú fọ́tò ìpàdé kan. Mo rí ìwé náà lára ògiri ọjà: ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn ṣì wà léjìká òkú. Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin, pẹ̀lú aago.

Láti ibi ìsìnkú yẹn ni Agnes ti ya ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tó yá ó ní, “Sherifat, bí mo bá kú lónìí, inú fọ́tò wo ni wọ́n ti máa gé mi jáde?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Mo tutọ́ sílẹ̀. “Irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Kò sí ni mo ń wí. Wọn ò ní rí nǹkan gé. Lóṣù kẹfà ni mo máa pé àádọ́ta ọdún, mi ò sì tíì rí odindi ojú mi nínú fọ́tò rí.”

Mo rò pé ó máa sunkún, mo ti ń wá àjákù aṣọ tó máa fi nujú. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. “Kí ló wá dé tí mò ń dúró de ikú ná?” ó ní. “Ṣebí mo wà láàyè. Mo fẹ́ dá ya fọ́tò. Kí n jókòó sórí àga, kí n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, kí n fi kọ́ ògiri pálọ̀ mi, kí n máa wò ó. Ohun kan tí mo fẹ́ lọ́dún yìí nìyẹn. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn.”

“Agnes, àwọn èèyàn ń wá gàárì, ìwọ ń wá férémù!”

“Ṣebí gàárì yẹn náà ni mò ń jẹ. Ṣé gàárì ló ní kí n má rẹ́rìn-ín ni?”

Mo padà sídìí máṣíìnì mi.

Ó fi díẹ̀ nínú owó lẹ́sìn ra aṣọ. Nígbà tó tú u sórí tábìlì mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Pupa fòò! Mo ní, “Ta ló tà á fún ọ? Aláwọ̀ dúdú kì í wọ pupa. Ra búlúù, ra èyí tó rọlẹ̀.”

“Búlúù ni mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dáyé,” ó ní. “Bá mi rán pupa. Má sì fi ọwọ́ gígùn sí i. Mo fẹ́ kí apá mi hàn.”

Mo rán an, mò ń kùn. Mo ṣáà ń sọ fún máṣíìnì mi pé ẹni tó bá fẹ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èèyàn kì í dá a dúró. Ọjọ́ tó wá gbé e wò, mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀. Àwọ̀ yẹn lórí aṣọ yẹn! Dúdú bíi kóró iṣin, ó ń dán. Mo yọjú sí dígí lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ojú tèmi: ibì kan pọ́n, ibì kan ṣú, bí ògiri tí òjò pa. Mo ní, “Ó bá ọ mu,” mo sì yára dojú kọ iṣẹ́ mi. Ìlara ni. Mo jẹ́wọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú ìpara o. Mo lò ó tán nínú ike kí n tó jáwọ́.

Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, èmi ni mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Ọkùnrin náà gbé páúdà wá, ó ní kó jẹ́ kí òun fi kùn ún lójú kí iná lè mú un.

“Rárá o,” Agnes dáhùn. “Bí iná yín ò bá mú mi, iná yín ló níṣẹ́ láti ṣe. Ẹ gbé òmíràn kún un.”

Mo wò ó. Ṣé Agnes tí mo mọ̀ nìyí? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ yá iná kejì lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Agnes jókòó sáàárín àga, ó gbé apá lé apá àga, ó rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín fi yọ síta. Onífọ́tò ní kí Màmá rọra rẹ́rìn-ín. Màmá tún la ẹnu sí i.

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Agnes fẹ́ kí Reuben kàn wọlé lọ́jọ́ kan kó bá a lára ògiri. Ó gbé fọ́tò náà, tó ti fẹ̀ tó àyà àgbà, fún Silas tó ń ṣe férémù ní Arákálẹ̀, ó ní kó ṣe gíláàsì sí i, kó sì fi ránṣẹ́ sílé bó bá ti parí. Àṣìṣe tiwa nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn ìyìn ni Silas, kò fi bébà wé e. Ó ní kí ayé rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ọjọ́ Sátidé kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó gbé e fún ọlọ́kadà, ọ̀dọ́kùnrin náà gbé e dúró síwájú ara rẹ̀ lórí táǹkì, ó kọjú fọ́tò sí ọ̀nà, ó gba inú Ọjà Ọba kọjá.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó. Nílùú wa níbí, ìgbà wo ni wọ́n ń gbé fọ́tò ńlá èèyàn kan ṣoṣo, nínú férémù, gba inú ọjà? Ó di ìgbà tí olúwarẹ̀ bá ti kú. Kò sí ìgbà mìíràn.

Mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́: “Yéè! Tíṣà ti lọ! Tíṣà àwọn ọmọ wa ti lọ o!” Mo sáré jáde. Agnes nìyẹn nínú aṣọ pupa lórí ọ̀kadà, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọjà, àwọn obìnrin sì ń ká ọwọ́ lérí ní ọ̀tún àti òsì. Èmi tí mo mọ̀, àyà mi já!

Mo ní, “Kò kú o! Fọ́tò ọjọ́ ìbí ni! Kò kú!”

Obìnrin aláta kan dì mọ́ mi. “Sherifat, fara balẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ẹ ni. Má sé e mọ́nú.”

“Ẹ̀gẹ́ ló lọ wú ní Ìlú-Àbò!”

“Ó ti ń sọ ìsọkúsọ,” ó ní. “Ẹ gbé omi wá!”

Wọ́n da omi sí mi lórí. Odindi kẹ́tùlù kan. Mo ń jà, wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń jà. Kí n tó já ara mi gbà, dẹ́rẹ́bà kan tó máa ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tó sì ti gbé Agnes lọ sílé àìmọye ìgbà, ti rí ohun tó rí. Ó fi ata tó ń rà sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó di Oǹdó.

Èmi ò mọ̀ pé ó lọ. Mo sáré délé, mo gba fọ́tò náà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti ń sunkún, mo ń ṣàlàyé. Nígbà tó fi máa di aago méjì, Agnes fúnra rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí. Àwọn kan sá, àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Tàbí a rò pé ó tán.

Agnes ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Fọ́tò ló ń wò. Èmi ni mo di àga mú, òun ló kan ìṣó, ó gbé e kọ́ àárín ògiri pálọ̀. Ó wá jókòó kọjú sí i, erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Ẹ wo obìnrin yìí,” ó ní. “Ẹ ṣáà wò ó o. Ṣé èmi nìyí, Sherifat? Mo wuyì!” Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi tí gèlè mi ò tíì gbẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó lọ wẹ̀ lẹ́yìn ilé, èmi wọ kíṣìnnì láti bá a bẹ ẹ̀gẹ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ ọkọ̀ níta. Kí n tó nu ọwọ́ mi, ẹkún ti kún pálọ̀. Mo yọjú láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹ̀gbọ́n Mary nìyẹn, pẹ̀lú obìnrin méje láti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní Oǹdó. Wọ́n ti gba ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ wọlé, fọ́tò ni wọ́n sì kọ́kọ́ fojú kàn. Àwọn tí dẹ́rẹ́bà ti sọ fún pé ó kú, tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà kó jẹ́ irọ́, wọ́n rí férémù lára ògiri, ó tán. Wọ́n wó lulẹ̀.

“Agnes o! Adúmáadán mi! Ara tó ń dán láìfi òróró pa!” Ẹ̀gbọ́n Mary ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ní ohùn Oǹdó wọn tó máa ń gbọn èèyàn nínú. “Ọlọ́rùn bí ọ̀pẹ! Ẹlẹ́rìn-ín tó ń lani lójú! Ta ló dúdú tó ọ tó tún wuyì tó ọ ní gbogbo ilé wa? Ìwọ lo dára jù nínú wa, Agnes! Ìwọ lo dára jù!”

Mo fẹ́ sáré wọlé. Agnes ti dé ẹ̀yìn mi látibi tó ti ń wẹ̀, ó ró ìró kan mọ́ àyà, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Dákẹ́,” ó ní. “Jẹ́ kí n gbọ́.”

“Ṣé orí ẹ pé? Wọ́n ń sunkún ẹ!”

“Mo mọ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ tán.”

Ìgbà náà ni Reuben dé láti ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Reuben, kì í sọ̀rọ̀, bí ẹ bá se oúnjẹ tí kò níyọ̀ fún un, ó máa jẹ ẹ́. Ó rí àwọn obìnrin nílẹ̀, ó rí fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tí kò rí rí. Fìlà bọ́ lórí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

“Agnes!” ó ní. “Ọjọ́ kìíní tí mo rí ọ ní Oǹdó, mi ò sùn! Mi ò sọ fún ọ. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wàá gùn mí lórí. Agnes, dìde kí n sọ ọ́ fún ọ!”

Agnes ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó jáde sáàárín pálọ̀. “Kí lẹ ní ẹ ò sọ fún mi, Bàbá Olúrántí?”

Ha! Ariwo tó sọ! Obìnrin kan gba ojú fèrèsé jáde, ó sì sanra o, mi ò mọ bó ṣe ṣe é títí dòní. Òmíràn ń ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Reuben fi ìdí rìn dé abẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n Mary nìkan ni kò sá. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan apá Agnes, wọ́n rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, pé omi ń kán lára rẹ̀. Wọ́n wá gbá a létí, gbòà! Lẹ́yìn náà ni wọ́n dì mọ́ ọn, wọn ò jẹ́ kó mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀: ọjọ́ ìbí, Silas, ọlọ́kadà, kẹ́tùlù omi. Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tó bà wọ́n ti di ìbínú.

“Yọ ọ́ kúrò lára ògiri,” ni Ẹ̀gbọ́n Mary wí. “Yọ ọ́ báyìí báyìí. O ti fọwọ́ ara rẹ pe ikú wálé. Ta lo rí tó dá jókòó sínú férémù láàyè? Kí ni wọ́n máa sọ? Pé mo tọ́ ọ, o wá ń gbéra ga?”

Reuben ti jáde lábẹ́ tábìlì, ó ń gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ojú ń tì í nítorí ohun tó ti sọ. “Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń sọ,” ó ní. “Gbé e sọ̀kalẹ̀. A máa ya òmíràn, èmi pẹ̀lú ẹ. Èmi á jókòó, ìwọ á dúró lẹ́yìn mi.”

Orí mi gbóná! Mo ní, “Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn èwo tún nìyẹn?” Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n mo fi ojú sọ ìyókù. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pàǹkárá, àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi kó ilẹ̀, mo mọ ìyẹn. Èyí tí onígbá ti wá pè é ní igbá iyì ńkọ́, tí wọ́n tún fẹ́ fi dandan kó ilẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mary fa àga, wọ́n gun orí rẹ̀, àwọn obìnrin méjì di ẹsẹ̀ àga mú. Wọ́n ti fọwọ́ kan férémù. Ohun kan ṣoṣo tí Agnes fẹ́ lọ́dún náà, kò tíì lo wákàtí mẹ́ta lára ògiri. Mo wo Agnes. Mo rò pé ó máa tẹrí ba, bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Inú mi bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Mi ò ní bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń sọ fún fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo wà níbi kíṣìnnì, mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn yín, ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí. Mo wà láàyè níbí. Ẹ kọjú sí mi, kí ẹ tún un sọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, tó sì tún wà lọ́kàn yín láti gbé e sọ̀kalẹ̀, èmi fúnra mi máa bá yín yọ ìṣó.”

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i tó gun orí àga.

Ẹ̀gbọ́n Mary yíjú sí i. “Agnes,” wọ́n ní. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n tún ní, “Agnes, ìwọ...” Wọ́n wo òkè àjà, wọ́n wo àwọn obìnrin tó di àga mú. Ohun tó ń tú jáde bí omi níwájú gíláàsì, ó há wọn lọ́fun níwájú ojú tó ń ṣẹ́. Agnes ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìró láyà, ọṣẹ létí, orí rẹ̀ gbé sókè, ó ń wò wọ́n.

Ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Wọ́n rìn wá bá a, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú. “O dára,” wọ́n ní, ohùn wọn kéré. “Adúmáadán ni ọ́. Èmi ni mo ń tì ọ́ sẹ́yìn, mo rò pé mò ń ṣe ọ́ lóore ni. O dára, Agnes, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́.” Omi bọ́ lójú wọn. Èyí kì í ṣe ẹkún òkú.

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi,” Agnes dáhùn. Òun náà ti ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀. Ó kàn dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.”

Ó fi etí ìró nujú. Kò wo férémù, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó mọ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ti rọra ń wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn.

“Bàbá Olúrántí,” ó ní, “ẹ má lọ. Ẹ̀yin ló kàn.”